Àrọ̀ tí Láṣebìkan Gbé Lọ Sílé Àna Rẹ̀

Àwọn ará etí ọ̀sà máa ń sọ pé, "Ẹnu ẹja ni a fi ń tọ́ ìdẹ wò." Bí àlejò bá gbọ́ ọ, á rò pé wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ta ló wọ abẹ́ omi rí tó lọ yá ẹnu lọ́wọ́ ẹja? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Láṣebìkan àti ìyàwó rẹ̀ ní abúlé Ìtún-Àrọ̀ kò ní béèrè bẹ́ẹ̀.

Apẹja ni Láṣebìkan. Kì í lo àwọ̀n, kì í dẹ ìgèrè. Ìwọ̀ nìkan ni tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò tó o ní gbogbo agbègbè náà. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wọn. Á ní, "Ẹ má mú okùn tó nípọn wọ omi tó mọ́, ẹja lójú. Ẹ má dúró síbi tí oòrùn á ti ju òjìji yín sómi. Abẹ́ igi tó wó sódò ni kí ẹ ju ìwọ̀ sí, torí àrọ̀ kì í jókòó síta gbangba bí oníṣòwò. Bó bá kọ́kọ́ fẹnu kàn án, ẹ má tíì fà á. Ó ń yẹ̀ yín wò ni. Ẹ jẹ́ kó gbé e lọ díẹ̀ ná."

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fi àkàrà sẹ́nu ìwọ̀. Ó jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, kò rí nǹkan kan pa. Láṣebìkan wo àkàrà náà.

"Ta ni o ra èyí fún?"

"Ẹja ni, bàbá. Ó dùn gan-an."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ gbé ìwọ̀ mì ni?" Láṣebìkan mú ègé ọṣẹ dúdú kan jáde nínú àpò, ó fi sẹ́nu ìwọ̀, ó jù ú sábẹ́ igi. Kò pẹ́ tí àrọ̀ fi gbé e. "Ṣé o rí i? Èmi ò jẹ ọṣẹ rí. Ohun tí ẹja fẹ́ ni kí o fi dẹ ẹ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Efúnyẹmí, ìyàwó rẹ̀, tó ń yan ẹja nínú abà lẹ́bàá omi, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò rẹ́rìn-ín.

Efúnyẹmí kì í ṣe ọmọ etí omi. Ìlú òkè tí wọ́n ti ń dáko ló ti wá. Òun ló ń yan ẹja tí ọkọ rẹ̀ bá pa, òun náà ló ń gbé e lọ sọ́jà. Abà tó ti ń yan ẹja ti ń jò láti ọdún kejì tó dé ilé ọkọ. Bí òjò bá rọ̀, omi á kán sórí ẹja, iná á fẹ́ kú, èéfín á sì bo gbogbo ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, ojú ọ̀tún rẹ̀ ń ṣomi láràárọ̀.

Ó ní, "Bàbá Ayọ̀ká, òrùlé abà yìí ti jẹrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe."

"Mo gbọ́," ni Láṣebìkan wí.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé ọkọ̀ ọpọ́n tuntun kan dé, ó ní ti ìyàwó òun ni. Efúnyẹmí kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Bí omi bá kọjá orúnkún rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa já. Ó dúpẹ́. Láṣebìkan ló ń wa ọkọ̀ náà kiri. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Efúnyẹmí tún bẹ̀ ẹ́ nítorí abà. Ọkọ rẹ̀ ra àpótí ìwọ̀ kan fún un, kékeré àti ńlá ló wà nínú rẹ̀. Ó tún dúpẹ́. Àwọn aládùúgbò ní àwọn ò rí ọkọ tó lawọ́ tó o.

Nígbà tí òjò ọdún kẹjọ dé, ẹja ọ̀sẹ̀ kan odindi jẹrà mọ́ Efúnyẹmí lọ́wọ́, ojú ọ̀tún rẹ̀ kò sì rí ọ̀nà dáadáa mọ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó mú Ayọ̀ká ọmọ rẹ̀ dání, ó lọ sílé ìyá rẹ̀.

Láṣebìkan kọ́kọ́ bínú. Ní ọjọ́ kẹta, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù fún un. Ó pinnu láti lọ bẹ̀bẹ̀, kò sì fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ṣọ́ abẹ́ igi kan kó tó rí àrọ̀ ńlá kan pa, ó gùn tó apá. Ó fi ewé tútù dì í, ó gbé e gun òkè lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ó gbé ẹja sílẹ̀. Efúnyẹmí wò ó.

"Ta ni ẹ gbé e wá fún?"

"Ìwọ ni. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti rí irú rẹ̀ pa kẹ́yìn."

"Bàbá Ayọ̀ká, n kì í jẹ àrọ̀."

Láṣebìkan gbójú sókè. "Láti ìgbà wo?"

"Láti kékeré ni. Bí mo bá fi kan ẹnu, màá bì. Ẹja ẹpìyà ni mo máa ń sè sọ́tọ̀ fún ara mi láti ọdún mẹ́jọ tí a ti jọ ń gbé."

 Láṣebìkan rántí gbogbo igi tó wó sódò láti Ìtún-Àrọ̀ dé ẹnu ọ̀sà, kò rántí ohun tó wà nínú àwo ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Efúnyẹmí ní, "Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, báwo ni ẹ ní kí wọ́n ṣe máa mọ ohun tí ẹja fẹ́?"

"Mo ní kí wọ́n la inú èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ pa, kí wọ́n wo ohun tó jẹ."

"Ṣé inú èmi náà ni ẹ fẹ́ là ni? Ẹnu ni mo fi ń sọ fún yín. Mo ní abà ń jò."

Ìyá Efúnyẹmí fọwọ́ kan ẹja náà. Ó ní, "Àna wa, ẹnu ẹja ni a fi ń tọ́ ìdẹ wò. Ẹnu tiyín ni ẹ fi ń tọ́ ti ọmọ mi wò."

Láṣebìkan dìde. Ó padà sílé. Ìyá àgbà ló jẹ àrọ̀ náà, ọjọ́ méjì ló fi jẹ ẹ́, ó sì ní kò burú.

Nígbà tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dé lọ́sẹ̀ yẹn, orí òrùlé abà ni wọ́n bá ọ̀gá wọn.

"Bàbá, a ò ní lọ sódò ni?"

"Ẹja ò ní sá kúrò nínú omi. Ẹ na imọ̀ ọ̀pẹ yẹn sí mi."

Kò mọ iṣẹ́ náà rárá. Ọwọ́ tó ń mọ̀ ọ́n lára bí ẹja bá mí sí ìdẹ kò mọ bí a ti ń di imọ̀ mọ́gi. Ó já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún gun orí rẹ̀ padà. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe é. Ó wá rán ẹnì kan sílé àna rẹ̀, kò fi ẹ̀bùn kankan rán an, àfi ọ̀rọ̀ yìí: "Òjò rọ̀ lánàá, abà kò jò."

Efúnyẹmí dé lọ́jọ́ kẹrin. Ó wọ abà, ó wòkè, ó dáná. Èéfín bá tirẹ̀ lọ.

"Òrùlé yìí wọ́ sápá kan," ni ó wí.

"Mo mọ̀."

"Á ṣe é lò."

Ojú ọ̀tún rẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà mọ́. Láṣebìkan ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kú. Ó ń fi í kọ́ gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́, á máa sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló ronú kàn án, Efúnyẹmí á sì máa yí ẹja rẹ̀ lórí iná, kò ní dá sí i.

Nítorí náà, bí o bá fún èèyàn ní ohun tó wù ọ́, tí o wá ń bínú pé inú rẹ̀ kò dùn, àwọn ará etí ọ̀sà kò ní bá ọ jiyàn. Wọ́n á kàn bi ọ́ pé ẹnu ta ni o fi tọ́ ọ wò. Ẹnu ẹja ni a fi ń tọ́ ìdẹ wò.