Ìbọn Tí Wọ́n Yọ Apátí Rẹ̀

Àwọn àgbà máa ń wí pé, “Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni jẹ́ gbà kí a kọ ọ́ sí òun?” Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ti bi ara rẹ̀ léèrè pé, ta ni ó kọ́kọ́ gbé ìbọn tí kò ní apátí, ta ni ó sì kọ ọ́ sí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Ìtàn ìtìjú ni, ojú a sì máa tì mí fún ẹni náà nígbà kúùgbà tí mo bá ń sọ ọ́.

Ìlú kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ìdófẹ̀rọ̀. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ìró ìbọn ni ohun tí wọ́n gbọ́ kẹ́yìn ní ìlú wọn àtijọ́, nítorí náà wọ́n kà á léèwọ̀: ìbọn kò gbọdọ̀ wọ Ìdófẹ̀rọ̀. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ pàápàá, ọfà àti tàkúté ni wọ́n fi ń pa ẹran.

Ní ọdún kan, odò kún bo bùdó àwọn ọmọ ogun kan tí wọ́n dó sí etí rẹ̀. Wọ́n ní láti ṣí, àti tìyàwó tọmọ, àìsàn sì ti wọ àárín wọn. Olórí wọn, Jagun Ọ̀pẹ́fẹ́yìtìmí, ránṣẹ́ sí Baálẹ̀ Ìdófẹ̀rọ̀ pé kí ó gba àwọn títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé. Baálẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbọn di wàhálà. Ìbọn ọba kọ́ ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Oníkálùkù ló fi òógùn ojú ra tirẹ̀, ẹlòmíràn sì jogún tirẹ̀ lọ́dọ̀ baba. Ta ni yóò sọ ogún baba rẹ̀ sígbó? Nígbẹ̀yìn, wọ́n fẹnu kò. Oníkálùkù yóò yọ apátí ìbọn rẹ̀, ìyẹn irin kékeré tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún, yóò sì fi í sínú ìkòkò lọ́dọ̀ oníbodè. Yóò wá fi ẹní wé ìbọn náà, yóò dorí ẹnu rẹ̀ kodò wọ̀lú, yóò sì gbé e sórí àjà ní ilé tí ó bá wọ̀ sí. Ẹni tí ó bá tú ẹní, òun àti gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wá ni yóò jáde. Jagun búra lórúkọ gbogbo wọn.

Ọdẹ́gbàmí wà lára wọn. Ìbọn baba rẹ̀ ni ó gbé dání, ó sì ń gẹ̀ ẹ́ bí ẹyin. Ilé Bàbá Ọ̀jẹ́tókun ni wọ́n fi í wọ̀ sí, òun àti Àṣàbí ìyàwó rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti tó bí. Bàbá kó jáde nínú yàrá tirẹ̀ fún wọn, ó ń sùn sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Nígbà tí Àṣàbí sì bímọ, Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó ń se omi gbígbóná fún ìyá ìkókó. Àwọn ìyàwó ilé ní iṣẹ́ ọkùnrin kọ́ nìyẹn. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, inú òun dùn pé ọmọ tuntun ń ké nínú ilé òun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ọmọ ọmọ Bàbá yí Ọdẹ́gbàmí ká, wọ́n ní kí ó fi bí wọ́n ṣe ń jagun han àwọn. Orí akọni wú. Ó gbé ìbọn sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà, ó tú ẹní. “Kò ní apátí,” ni ó wí fún wọn, “igi lásán ni.” Ó kúnlẹ̀ lórí eékún kan, ó di ojú kan. Ibi tí ó ti ń yí ìbọn kiri ni Bàbá ti yọ láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ìkòkò omi gbígbóná. Ọdẹ́gbàmí kọ ìbọn sí i, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ọwọ́ ti tẹ̀ yín lónìí!”

Ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Omi náà dà sí i lẹ́sẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀. Ó dojú bolẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ọkàn rẹ̀ ti padà sí ìlú wọn àtijọ́ tí ogun dáná sun. “Ẹ dákun, ẹ má pa mí,” ni ó ń wí. “Ẹ mú ilé, ẹ mú oko. Ẹ ṣàánú àwọn ọmọ.” Àgbàlagbà ń bẹ ẹni tí ó lè bí lọ́mọ, lójú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọdẹ́gbàmí ju ìbọn sílẹ̀, ó sáré lọ gbé e dìde, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sún mọ́ ọn ni Bàbá ń fà sẹ́yìn.

Kò pẹ́ tí ìlú fi pé síwájú ilé Baálẹ̀. Ẹjọ́ kò gùn. Wọ́n ní kí gbogbo àwọn àlejò kó ẹrù wọn, àti aláìsàn, àti ìyá ìkókó. Jagun tí ó búra dọ̀bálẹ̀, kò lè gbójú sókè. Àṣàbí pọn ọmọ rẹ̀, kò wo ojú ọkọ. Kàkà kí Ọdẹ́gbàmí tọrọ àforíjì, ẹnu rẹ̀ kò sinmi.

“Baálẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe,” ni ó wí. “Apátí rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ oníbodè. Ìbọn yẹn kò lè pa eṣinṣin. Bàbá ló kàn ṣojo.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé Jagun dìde nílẹ̀. Ó gba ìbọn náà lọ́wọ́ oníbodè tí ó ti gbé e wá síwájú Baálẹ̀, ó kọ ọ́ sí Ọdẹ́gbàmí láyà. Ọdẹ́gbàmí, ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ apátí náà, kígbe. Ó bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, ó fi apá méjèèjì bo ojú.

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Bàbá Ọ̀jẹ́tókun, tí wọ́n ti fi ewé di ẹsẹ̀ rẹ̀, ni ó sọ̀rọ̀ láti ibi tí ó jókòó sí.

“Má bẹ̀rù, ọmọ mi,” ni ó wí. “Kò ní apátí.”

Kò sọ ọ́ bí ẹni ń fini ṣẹ̀sín. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ìyẹn gan-an ni kò sì ṣe é gbà mọ́ra. Ojú ti Ọdẹ́gbàmí débi pé kò lè nà dìde. Jagun fi ìbọn lélẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ìbọn ní apátí, kò ní apátí,” ni ó bi í, “ta ni jẹ́ gbà kí a kọ ọ́ sí òun?”

Bàbá ni ó bẹ Baálẹ̀ pé kí wọ́n má lé ìyá ìkókó sínú òjò. Wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀: ìbọn náà nìkan ni yóò jáde. Ọdẹ́gbàmí bá a jáde. Ẹnikẹ́ni kò lé e, ìtìjú ni ó lé e. Ó pa àgọ́ sí ẹ̀yìn bodè, àràárọ̀ ni ó sì ń wọ̀lú lọ́wọ́ òfo láti dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá a máa dá a lóhùn dáadáa, a sì máa súre fún un. Ṣùgbọ́n títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé tí àwọn àlejò fi ṣí lọ, láti inú ilé ni Bàbá ti ń dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni òwe yìí ti ṣẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ohun tí ó lè pani dẹ́rù ba ẹnìkejì, tí ó wá ń wí pé eré ni òun ń ṣe, tàbí tí alágbára bá ń halẹ̀, tí ó ní òun kò ní í ṣe é lóòótọ́, àwọn àgbà a pa á fún un pé ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni jẹ́ gbà kí a kọ ọ́ sí òun. Wọn kì í bi í léèrè ohun tí ó ní lọ́kàn. Ibi tí ẹnìkejì dúró sí ni wọ́n ń ní kí ó lọ dúró.