Odò Tí A Kì Í Kíni Létí Rẹ̀

Ìkíni ló kó àwọn ará Ìlémọrẹ́ sí wàhálà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Nígbà tí ogun tú ìlú náà, tí àwọn tó ṣẹ́kù sá wọgbó, àwọn ọ̀tá kò wulẹ̀ wá ipa ẹsẹ̀ wọn. Wọn a kàn dúró létí igbó, wọn a ké pé, "Ẹ kú ilé o!" Ẹni tó bá ti dáhùn, wọ́n ti dè é lókùn nìyẹn. Ọgọ́rin èèyàn ló sá kúrò nílé. Nígbà tí Ọdẹ́rìndé fi máa kó wọn dé àfonífojì kan láàárín òkè, ogójì péré ló kù.

Ọdẹ́rìndé, akọ igi tí kì í ṣoje, a-rìnnú-igbó-má-ṣẹ́gi! Ó ti jagun títí, oorun ti kọ ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí odò kékeré tó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí iyanrìn funfun, tí àdàbà ń ké lókè ìrókò, àyà rẹ̀ rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó jókòó, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì tijú.

"Ibi tí ọkàn bá ti balẹ̀, ibẹ̀ nilé," ló wí. "Níbí la ó máa gbé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kí wa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dáhùn."

Gbogbo wọn gbà, àfi Àwẹ̀ró, ìyá rẹ̀, arúgbó tí ń dá ewúrẹ́ pàápàá lóhùn.

"Ìyá mi, ṣé ẹ gbọ́?"

"Háà, ìwọ ọmọ yìí! Ṣé kí n wá di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ ogbó ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ohùn kan dún láti ẹ̀yìn igi lórí òkè: "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o!"

Àwẹ̀ró ti ń la ẹnu láti dáhùn. Èèwọ̀ ni, ọmọ kì í fọwọ́ bo ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn tútù níwájú rẹ̀. Ìyá wò ó títí. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó bu omi odò sẹ́nu títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú. Àwọn yòókù rí i, àwọn náà bu tiwọn.

"Kò séèyàn níbí," ni olórí àwọn ọ̀tá wí. "Ọmọ èèyàn wo la ó kí tí kò ní í jẹ́?" Wọ́n pẹ̀yìn dà, wọn kò sì padà wá mọ́.

Àwẹ̀ró tu omi ẹnu rẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Ọmọ mi, wọ́n kí mi, mo sì dákẹ́!"

"Ìyá mi, ogójì ẹ̀mí lẹ fi ìdákẹ́ yẹn bí lẹ́ẹ̀kejì." Ó gbé orí lé itan rẹ̀, ó sì sùn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Ìlú ńlá ni Odò-Àwẹ̀ró lónìí, kò sì sẹ́ni tó mọ èèyàn kí tó wọn! Ṣùgbọ́n létí odò náà, bí ọba lo bá pàdé, omi lo ó bù sẹ́nu. Àlejò tí kò mọ̀ a kọ́kọ́ bínú pé kò sẹ́ni tó kí òun. Wọn a fọwọ́ júwe ibi tí yóò jókòó fún un. Kì í pẹ́ tí ìbínú náà fi ń tán, tí òun náà á sì dákẹ́, á máa gbọ́ ìró omi.