Kápẹ́ńtà Tó Bínú sí Oògùn Tuntun

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ kápẹ́ńtà. Nígbà tó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó rí i pé èèrà ń bo ibi tó bá tọ̀ sí lẹ́yìn ilé. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, ó sì ń rù. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn. Ọdún mẹ́sàn-án ni oògùn náà fi gbè é, èèrà sì pòórá. Nígbà tó yá, oògùn náà nìkan kò ká ṣúgà mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ro ó bí ìgbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un. Ẹ̀rù bà á gidigidi, nítorí àìsàn yìí kan náà ni wọ́n torí ẹ̀ gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dókítà bá fi oògùn tuntun kan kún ti tẹ́lẹ̀, hóró kan láràárọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí èèrà tún dé. Wọ́n pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin náà di oògùn náà sínú ọ̀rá, ó dé fìlà, ó gba ilé ìwòsàn lọ.

Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ gba oògùn yín. Àìsàn tó ti ń lọ ló tún gbé padà wá fún mi."

Nọ́ọ̀sì kò bá a jiyàn. Ó ní kó jókòó, ó gún un ní ìka, ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀rọ. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wálẹ̀ dé ìdajì."

"Èèrà wá ńkọ́?"

"Nígbà àkọ́kọ́, ṣúgà ló kún inú ẹ̀jẹ̀ yín títí tó fi ń ṣàn dànù. Ní báyìí, oògùn yìí ló ń lé e jáde, ojú ìtọ̀ ló sì ń lé e gbà. A sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́sí, ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ máa mu omi dáadáa, ẹ máa fọ abẹ́ yín mọ́, ẹ má sì dá a dúró láìbi wá."

Ọkùnrin náà wá ṣí fìlà.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Ó kù díẹ̀ kí n fúnra mi lé ẹni tó ń gbà mí sílẹ̀ lọ."

Ó ń lo oògùn náà lọ. Láràárọ̀, tó bá ti gbé e mì, á ní, "Olúwa, mo dúpẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì."

Àbúrò mi, ìwọ ni mo ń bá wí. Ọdún mọ́kànlá lo fi ń yangàn pé ìyàwó rẹ kì í ráhùn. Láti oṣù tó kọjá tó ti ń sọ ohun tó ń dùn ún, o ní ilé rẹ ti bàjẹ́, o fẹ́ kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ilé rẹ kò bàjẹ́. Ohun tó ti ń jẹ ẹ́ nínú látọjọ́ pípẹ́ ló ń jáde, èyí tó bá sì jáde la lè tún ṣe. Lọ bá a lónìí. Jókòó tì í, gbọ́ ọ tán. Nígbà tó bá parí, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò ti ẹnu rẹ jáde jẹ́ "O ṣeun."