Ológbò Jẹ Gbèsè Ègbè

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ìyá Mosúnmọ́lá tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló kọ́kọ́ mú ìròyìn yìí wá. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó wọ igbó àwọn ẹyẹ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ṣọdẹ.

Ológbò lọ pàgọ́ síbẹ̀. Ó ní ìran lòun wá wò. Ẹ̀yin náà gbà á gbọ́, àbí? Àwọn ẹyẹ gbà á gbọ́, wọ́n tún tẹ́ ewé fún un. Agbe, olórí wọn, ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Bí a bá dá orin nírọ̀lẹ́, àlejò á bá wa gbè é. Ẹni tó bá jẹ gbèsè ègbè kò ní kúrò níbí."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Àdàbà bí di àwátì. Ìyá rẹ̀ ń sunkún kiri. Agbe dá orin:

Ọmọ Àdàbà dà o?
Jáńjálájáń.

Gbogbo ẹyẹ gbè é. Ológbò kàn fọwọ́ kan ọ̀fun, bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú. Agbe tún dá a. Ọ̀gbẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ẹ ò rí i bí àìsàn ṣe yára mú un.

Àdàbà rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Ó nu ojú, ó gba orin lẹ́nu Agbe:

Ológbò olóhùn iyọ̀, ọba akọrin,
Jáńjálájáń.

Ẹni tí wọn kò yìn rí, ẹ̀yin ọmọ. Ológbò la ẹnu gbàgà: "Jáńjálájáń!" Ọmọ Àdàbà já bọ́, itọ́ rin ín gbingbin, ó sì fò lọ bá ìyá rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, bàbá," ni Agbe wí. "Ẹ ti san gbèsè yín. Ẹ máa lọ."