Ihò Ìka Kan Lára Ògiri Aláǹgbá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó balẹ̀ sórí ògiri Aláǹgbá. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó tètè wọlé lọ, torí àlọ́ yìí yóò bi yín ní ìbéèrè.

Láyé ọjọ́un, Aláǹgbá ní ilé. Àní ilé tirẹ̀! Bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Amọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Aláǹgbá fẹ́ aya kan, Awẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu Aláǹgbá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í fẹ́ kan amọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Awẹ̀ró rí ihò kan lára ògiri yàrá. Kò ju ìka kan lọ.

"Baálé mi, ẹ wo ihò yìí. Amọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan ló máa dí i."

"Ó di ọ̀la."

Ọ̀la dé. "Baálé mi, ihò ńkọ́?"

"Ṣé ihò náà bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ ni? Ó di ọ̀túnla."

"Ẹsẹ̀ ògiri yìí ni mo yé ẹyin mẹ́fà sí. Bó bá wó, orí àwọn ọmọ wa ló máa wó lé. Ẹ jẹ́ kí n po amọ̀ náà fúnra mi."

"Kí ayé lè sọ pé ìyàwó mi ló ń mọlé? Má dán an wò!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin ìlú náà fún yín. Bí ilé ẹnìkan bá wó, gbogbo ẹranko á jáde ọ̀wẹ̀, wọ́n á bá a kọ́ tuntun. Kí onílé sáà ti fún wọn lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ kì í dí ihò. Onílé ló ń dí ihò.

Ìgbín ni olórí ọ̀wẹ̀. Àgbà ni. Bí ilé ẹ̀yìn rẹ̀ bá sán, kò ní fi dọ́la kó tó wá nǹkan ṣe sí i. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, yóò wá ibì kan fara mọ́, yóò lẹ ẹnu ilé rẹ̀ pa, yóò máa retí òjò. Lọ́dún yẹn, ẹ̀yìn ògiri Aláǹgbá ló fara mọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Aláǹgbá ronú títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Awẹ̀ró, a ò ní dí ihò yìí mọ́. A máa fẹ̀ ẹ́ ni!"

"Ẹ fẹ́ fẹ kí ni?"

"Bí ògiri bá wó, ṣebí ìlú á kọ́ tuntun fún wa? Ta ló ń lẹ aṣọ nígbà tí tuntun ń bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Ẹni tó mọ̀ pé ìhòòhò lòun máa wà kí tuntun tó dé ni."

Aláǹgbá ò gbọ́. Láràárọ̀ ló ń forí kan ògiri, gbì! gbì! Orin ló sì fi ń ṣe é. Ẹ bá mi gbè é:

Bàbá mi ló mọ ọ́,
*Lanu, ògiri, lanu!*
Èmi ò ní po amọ̀,
*Lanu, ògiri, lanu!*
Ará ìlú á pò ó,
*Lanu, ògiri, lanu!*
Èmi á nasẹ̀ wò wọ́n,
*Lanu, ògiri, lanu!*

Ìka kan di ìka mẹ́ta. Ìka mẹ́ta di ẹnu ìkòkò.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Ògiri mumi yó, ó yẹ̀, ó wó lulẹ̀ gììrì! Òrùlé tẹ̀ lé e. Awẹ̀ró sáré kó ẹyin rẹ̀. Márùn-ún ló rí kó. Ìkẹfà wà lábẹ́ amọ̀.

Aláǹgbá ti bọ́ síta, ó ń ké: "Ẹ gbà mí o! Òjò ti wó ilé bàbá mi!"

Àwọn ẹranko gbé ọkọ́, wọ́n gbé ìkòkò omi, wọ́n dé. Ìgbín náà, tí òjò ti jí, rọra fà dé iwájú.

"Aláǹgbá, kí ló wó ilé rẹ?"

"Òjò ni, bàbá."

"Òjò kan náà tó rọ̀ sórí gbogbo wa?"

"Tèmi ló rí bá jà, bàbá!"

Àwọn ẹranko rẹ́rìn-ín. Ìgbín ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n bá òun gbe orin kan, ó sì dá a:

Èmi ò ní po amọ̀,
*Lanu, ògiri, lanu!*

Háà! Orin tí Aláǹgbá ti ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn! Kó tó mọ̀, orí rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, ó ń bọ̀ sókè, gbì! gbì! gbì! Ó fẹ́ dá orí dúró, orí kọ̀. Amọ̀ pupa tó ti lẹ̀ mọ́ orí náà ń dán. Òjò gan-an ò lè wẹ̀ ẹ́ kúrò.

"Ẹ wo orí ẹ̀!" Ọ̀kẹ́rẹ́ kígbe. "Ilé bàbá ẹ̀ ló fi dé fìlà!"

Ìgbín ní, "Ọ̀wẹ̀ ń kọ́ ilé tó wó. Kì í kọ́ ilé tí onílé wó."

Kálukú gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó di ilé.

Awẹ̀ró kó ẹyin rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó bo ẹyin márùn-ún náà mọ́ ibẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ lé wọn. Títí dòní, ilẹ̀ ni abo aláǹgbá ń fi ẹyin rẹ̀ sí. Orí tirẹ̀ ò sì pupa, torí kò forí kan ògiri.

Aláǹgbá bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ilé onílé, ó ń wá ibi tó sán. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn àgbà wí: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Bó bá yọ orí pupa nínú ògiri yín, tó ń mi orí, kì í ṣe ẹ̀yin ló ń kí. Orin rẹ̀ ló ń kọ.

Àlọ́ mi ti padà sẹ́sẹ̀ ògiri. Ìbéèrè mi ló kù: ihò mélòó ló wà nílé yín? Ilẹ̀kùn wo ló ń ké, tí ẹ ti ń fi dọ́la? Ẹ po amọ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Èmi ti dí tèmi. Bí mo bá parọ́, kí òrùlé mi jò sórí ẹní mi.