Igi Ẹnu Ọ̀nà Ẹbu

Ní abúlé Òkè Ọ̀pẹ, epo pupa ni wọ́n fi ń mọ àwọn obìnrin ibẹ̀. Ẹbu tí wọ́n ti ń ṣe epo wà ní ìsàlẹ̀ abúlé, lẹ́bàá odò, nítorí iṣẹ́ epo kò ṣeé ṣe láìsí omi púpọ̀. Ẹfúnṣeyè ló ni ẹbu náà, Ìyá Ẹbu sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, ó sanra díẹ̀. Kò fẹ́ràn kí ènìyàn dúró nígbà tí iná bá ń jó.

Ìta gbangba ni ààrò wà, níbi tí wọ́n ti ń se ẹyìn nínú ìkòkò ńláńlá. Abẹ́ àtíbàbà ni ẹkù wà, ìyẹn kòtò tí wọ́n fi òkúta tẹ́, tí àwọn obìnrin ń dúró sí láti fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn tó ti jinná kí epo lè jáde. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹyìn láti ìdí ààrò lọ sí ẹkù. Ó gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kí ooru rẹ̀ tó lọ, nítorí ẹyìn tó bá ti tutù kì í fi epo rẹ̀ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ níbẹ̀.

Òjélàdé, ọkọ Ìyá Ẹbu, ló kọ́ àtíbàbà náà. Igi kan tó dè mọ́ òpó ọ̀tún ẹnu ọ̀nà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Orí rẹ̀ yọ gogoro sójú ọ̀nà, ó kọjú sí ẹni tó ń ti ìdí ààrò bọ̀. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n má gé e, pé òun ṣì máa so àtíbàbà mìíràn mọ́ ọn. Kò tíì so ó tí ikú fi mú un lọ. Láti ìgbà náà, Ìyá Ẹbu kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdá kan igi yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá tòun ti gèlè lórí, igi kò kan gèlè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ga díẹ̀, ojú rẹ̀ gan-an ni igi ń wò.

Eré ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Lọ́jọ́ kan, igi náà fa gèlè obìnrin kan ya. Obìnrin náà yíjú sí i, ó ní, "Igi gogoro, jọ̀ọ́, má gún mi lójú o." Gbogbo ẹbu bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹlòmíràn náà sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà nínú ẹkù sì dá a lóhùn pé, "Kò ní gún ọ." Díẹ̀díẹ̀ ni ó di àṣà. Ẹni tó bá ru ẹyìn dé ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ kí igi, àwọn ará inú ẹkù á sì dáhùn. Ìkíni yìí ni wọ́n ń kọ́ ẹni tuntun kí wọ́n tó kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹ ẹyìn. Bí igi bá họ ẹnì kan létí, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé o kí i?" Bí kò bá kí i, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Bí ó bá ní òun kí i, wọ́n á ní kò fi ọ̀yàyà kí i.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn nígbà tí Awẹ́ró dé. Ìlú mìíràn ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Ilé ọkọ rẹ̀ kò ní ọ̀pẹ, ọkọ rẹ̀ sì ti wà lórí àìsàn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Epo tí Awẹ́ró bá gbà ní ẹbu ni ilé náà fi ń jẹun. Ó ga, ó lágbára, agbọ̀n ẹyìn tí obìnrin méjì ń bá ara wọn gbé, òun nìkan ń rù ú. Àmọ́ ojú kan ṣoṣo ló ń ríran. Ìgbóná ti fọ́ ojú ọ̀tún rẹ̀ láti kékeré, apá ọ̀tún náà sì ni igi wà.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, igi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a ní egungun ojú. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ẹbu.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín gé orí igi yìí."

"Igi ọkọ mi? Ó ti pẹ́ tó wà níbẹ̀, Awẹ́ró. Kò tíì pa ẹnikẹ́ni."

"Ojú kan ni mo ní, Ìyá. Bí ó bá fọ́ ọ, ta ni yóò máa mú mi lọ́wọ́ kiri?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ibẹ̀ kọjá ni kí ẹ máa wò. Kí i dáadáa."

Awẹ́ró dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn òkìtì ihá, níbi tí wọ́n ń da pàǹtí ẹyìn sí, kí ó lè wọ àtíbàbà láti apá kejì. Ọ̀nà náà jìn, ó sì ń yọ̀. Ìyá Ẹbu rí i. Ó ní ẹnu ọ̀nà ni kí ó máa gbà bíi ti gbogbo ènìyàn.

Nígbà náà ni Awẹ́ró wá ọgbọ́n mìíràn dá. Bí ó bá ti kúrò ní ìdí ààrò, yóò dúró lẹ́bàá ìkòkò omi, yóò yí gbogbo ara sí ọ̀tún, nítorí ẹni tó ru ẹrù kò lè yí ọrùn nìkan. Yóò fi ojú òsì rẹ̀ wá orí igi náà títí yóò fi rí i. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó rìn, tí yóò fara mọ́ òpó òsì wọlé.

Ọ̀ṣúnníyì, tí ẹnu rẹ̀ dùn jù nínú wọn, kò jẹ́ kó rí ìsinmi.

"Awẹ́ró, ṣé àna rẹ ni igi yẹn ni, tí o fi ń dúró wò ó lókèèrè?"

"Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ àna mi ni, ì bá ti yà fún mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹbu kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹyìn ń tutù lórí Awẹ́ró, ó sì ń dun Ìyá Ẹbu.

Ní ọ̀sán kan, òjò ṣú. Atẹ́gùn ń gbá èéfín ààrò lọ sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo ènìyàn sì ń sáré kí ẹyìn lè wọlé kí òjò tó dé. Awẹ́ró dúró lẹ́bàá ìkòkò omi. Èéfín bo igi, kò rí i. Ó ṣì dúró síbẹ̀.

"Awẹ́ró!" Ìyá Ẹbu ké mọ́ ọn. "Kí lo tún ń wò?"

"Igi ni, Ìyá. Mi ò tíì rí i."

"Ó tó. Ìdúró rẹ ń ba epo mi jẹ́. Bí a bá ti parí tòní, kí o má wá mọ́." Ó yíjú sí Ọ̀ṣúnníyì. "Gba agbọ̀n lórí rẹ̀. Jẹ́ kó rí bí wọ́n ṣe ń ru ẹyìn."

Awẹ́ró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbé ẹrù náà fún un. Ọ̀ṣúnníyì gbé agbọ̀n karí, ó ṣẹ́ ojú sí àwọn yòókù, ó sì fi eré wọ inú èéfín.

"Igi gogoro, má gún mi lójú o!" Ohùn rẹ̀ dún ketekete.

"Kò ní gún ọ!" ni àwọn ará inú ẹkù dáhùn.

Kí wọ́n tó pa ẹnu dé, ó ti wà nílẹ̀. Ẹyìn gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lábẹ́ ojú rẹ̀. Awẹ́ró ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fa á jáde nínú èéfín, ó bu omi sí i lẹ́sẹ̀, ó sì rọra ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò.

"Ojú ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Abẹ́ rẹ̀ ló bà."

Ìyá Ẹbu sáré dé. "Ṣé ó kí..." Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ nígbà tó kí i. Àwọn tó ti inú ẹkù dáhùn ti jáde pẹ̀lú epo lẹ́sẹ̀, kò sí èyí tó lè wo ojú ẹnì kejì.

Ìyá Ẹbu yíjú sí Awẹ́ró. "Ìwọ ńkọ́, Awẹ́ró? Ojú kan lo ní. Báwo ni kò ṣe gún ọ láti ọjọ́ yìí?"

"Ìyá, igi kò létí. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí n tó máa bẹ̀ ẹ́, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́. Òkèèrè ni mo ti ń wò ó."

"O sì ń jẹ́ kí ẹyìn tutù."

"Èyí tó dà sílẹ̀ yìí ńkọ́?" ni ẹnì kan sọ lẹ́yìn wọn. "Ṣé ó gbóná?"

Ìyá Ẹbu wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ mú àáké ní ìdí igi ìdáná. Ó dúró lábẹ́ igi náà, igi kò kan gèlè rẹ̀. Ó gun orí òkúta kan, orí igi náà sì kọjú sí ojú rẹ̀ gan-an. Ó pẹ́ tó fi ń wo ibi tí orí igi náà wà, bí ẹni pé kò rí i rí. Ó na àáké sí Awẹ́ró.

"Òjélàdé kò gbé igi síbẹ̀ kó máa wá ojú ọmọ ọlọ́mọ kiri. Gé e."

Awẹ́ró gé e dé ìdí òpó. Òjò dé, wọ́n sì sá sábẹ́ àtíbàbà.

Ojú Ọ̀ṣúnníyì wú, ó sì tún là, ṣùgbọ́n àpá náà kò kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ní ti Awẹ́ró, Ìyá Ẹbu ló fúnra rẹ̀ lọ pè é nílé. Ó gbé agbọ̀n òfìfo rù ú, ó ní kí ó rìn yí ẹbu ká, kí ó máa tọ́ka sí ohun tó lè ṣe ènìyàn léṣe kí ó tó ṣe é. Wọ́n da yanrìn sí ibi tó ń yọ̀. Wọ́n sún ààrò kúrò lójú atẹ́gùn.

Ìkíni àtijọ́ kò tán lẹ́nu wọn, nítorí ẹnu kì í tètè gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí ẹni tuntun bá dé, tí wọ́n sì kọ́ ọ ní ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n máa ń bẹ igi, àwọn ará inú ẹkù kì í dáhùn pé kò ní gún un mọ́. Ìdáhùn mìíràn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ àti ìdáhùn náà sì bọ́ sẹ́nu àwọn àgbà gẹ́gẹ́ bí òwe kan ṣoṣo, tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń dúró de ewu kó tó máa bẹ̀ ẹ́ pé: "Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."