Ọmọ Díúkì Tó Ti Ní Àdúrà Tirẹ̀

Ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Jámánì láyé ọjọ́un, díúkì ni, ìyẹn olórí ìlú kékeré kan. Ilẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó bí ọmọbìnrin mẹ́ta, ó sì ti pinnu pé ààfin ọba ni gbogbo wọn yóò fi ṣe ilé ọkọ. Àwọn ọba kan ń ṣe ìjọ Àgùdà, àwọn mìíràn ń ṣe ìjọ Lútà, èyí tó yapa kúrò lára Àgùdà. Kí ni díúkì wá ṣe? Kò jẹ́ kí wọ́n gba ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ náà sí ìjọ kankan. Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù ná, ìjọ tí ọkọ bá ń lọ ni ìyàwó yóò lọ. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n àgbàlagbà o!

Àkọ́bí fẹ́ ọba Àgùdà. Àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi di Àgùdà. Àwọn ará ibẹ̀ kò fọkàn tán an rárá. Wọ́n ní àdán ni, kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Èkejì lọ sọ́dọ̀ ọba Lútà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹkún ni àwọn méjèèjì fi ń kọ lẹ́tà sílé.

Mẹ́tílì, àbíkẹ́yìn, ló ń ka àwọn lẹ́tà náà fún ìyá wọn. Ẹ̀rù ń bà á, nítorí ó ní àṣírí kan. Obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, ọmọ ìjọ Lútà, ti kọ́ ọ ní àdúrà. Nígbà tí ìgbóná ṣe é, tó kù díẹ̀ kó kú, àdúrà yẹn ló gbà, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ jáde, òun lè darúgbó sílé bàbá òun láìlọ́kọ.

Kò pẹ́, ìyá ọba Àgùdà kan wá wo ìyàwó fún ọmọ rẹ̀. Díúkì ti kọ́ Mẹ́tílì lóhun tí yóò sọ: ohun tí ẹ bá fẹ́ ni mo fẹ́.

Arúgbó náà bi í pé, "Ọmọ mi, ìjọ wo lò ń ṣe?"

 Mẹ́tílì wo bàbá rẹ̀, ó ní, "Ìjọ Lútà ni, ìyá wa. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tiyín. N ò lè torí adé fi í sílẹ̀."

"Yéè! Ọmọ yìí pa mí!" ni díúkì ké.

Arúgbó náà kò tilẹ̀ wò ó. Ó ní, "Ọmọ díúkì mẹ́fà ni mo ti bẹ̀ wò. Ohun tí mo bá fẹ́ ni gbogbo wọn fẹ́. Bí ọ̀tá bá wá dó ti ìlú wa ńkọ́? Ohun tí ọ̀tá bá fẹ́ náà ni wọn yóò fẹ́. Èyí ni mo mú. Kó máa gba àdúrà rẹ̀, kí ọmọ mi máa gba tirẹ̀."

Bí Mẹ́tílì ṣe di olorì nìyẹn. Àwọn ará ìlú kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ̀rọ̀, wọ́n mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an ló sọ.

Ìwọ tó o jókòó tì mí yìí ńkọ́? Ọ̀gá tó bá dé lò ń bá yí. O pè é lọ́gbọ́n. Wọ́n á gbà ọ́ wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní fa kọ́kọ́rọ́ ilé lé ọ lọ́wọ́ láéláé. Lọ mọ ohun tó o gbà gbọ́ lónìí, kí wọ́n tó bi ọ́.